Ọgbà Tí A Fi Yí Omi Ká ní Kòkòdí

Iṣẹ́ tí mo ṣe pẹ́ jù lọ ní Àbíjàn ni kí n máa wo omi. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé, wọ́n máa ń rò pé mò ń yí ọ̀rọ̀ dà ni, pé bóyá iṣẹ́ tí mo ṣe gan-an kò ṣeé sọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Omi kan wà ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Kòkòdí, ọmọ kan wà nínú ilé náà, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ kí àwọn méjèèjì má baà pàdé.

Èjìgbò ni mo ti wá. Nígbà tí mò ń lọ, kò sí agboolé kan ládùúgbò wa tí kò ní ẹnìkan ní Àbíjàn, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe. Ọkọ mi ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ó ń bá àwọn tó ń kó obì ṣiṣẹ́ ní Ànyámà, obì náà ló sì ń gbé e kiri. Bí ọkọ̀ bá ti kún, á tẹ̀lé e lọ sápá òkè, á sì pẹ́ kó tó padà. Mo fi ọmọ wa, Àṣàkẹ́, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. A fẹnu kò pé bí mo bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, á wá bá wa. Gbogbo ẹni tó ń lọ nígbà náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Yàrá kan la gbà ní Àbóbò. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi níbẹ̀ ni pé mo di odi. Ní Èjìgbò, wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ní Àbóbò, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, mi ò ní sọ ju "bọ́ńjúù" lọ. Ẹ̀yà Júlà ni obìnrin tó ni ilé tí à ń gbé. Èdè Júlà ló ń bá mi sọ, bí mi ò bá sì gbọ́, á gbé ohùn sókè, á tún un sọ, bí ẹni pé etí mi ló di.

Wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá ní Anàngó. Mi ò mọ̀ pé Anàngó ni mí tí mo fi débẹ̀. Nílé, ọmọ bàbá mi ni mí. Bí mo bá dé Òṣogbo, wọ́n á ní ará Èjìgbò. Kò tíì sẹ́ni tó pè mí ní Yorùbá pàápàá rí, nítorí kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni á fi sọ bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ní Àbíjàn, mo di Anàngó lọ́jọ́ tí mo dé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Wọn ò fi òmíràn lọ̀ mí.

Ọjà Àjámé ni mo ti pàdé Ìyá Àgbà. Mò ń wo tòmátì, mo sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ fún ara mi pé gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ti rà. Obìnrin àgbàlagbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dáhùn pé èyí tó wà lókè náà kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá àwọn ará Àjàṣẹ́ ti apá Faransé, tó ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń lọ sílẹ̀. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo ka bàbá mi fún un, mo ka bàbá bàbá mi. Kò mọ ẹnì kankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ó dúró títí mo fi kà á tán. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà. Nígbà tí mo parí, ó ní ọmọ òun obìnrin ń wá ẹni tó máa bá a tọ́jú ọmọ.

Bí mo ṣe dé ilé wọn ní Kòkòdí nìyẹn. Akọ̀wé ìjọba Faransé ni ọkọ Ìyá Àgbà kó tó kú. Láti Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá sí Àbíjàn láyé àwọn òyìnbó, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Màdáàmù sí. Màdáàmù ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé gíga, ẹ̀kọ́ nípa ewéko àti ẹranko. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, Faransé ló fi ń dáhùn. Bákan náà ni Mùsíọ̀, ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àwọn òbí rẹ̀ ń pè é ní Mọníìkì, Ìyá Àgbà ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ náà ń jẹ́ méjèèjì, ó sì mọ èyí tí kò ní dáhùn bí kò bá wù ú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ihò kan lẹ́yìn ilé. Mo rò pé kànga ni, mo sì rò pé ẹni tó ń gbẹ́ ẹ kò mọṣẹ́, nítorí ó ti fẹ̀ jù, kò sì jìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ táìlì aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn nínú, wọ́n da omi sí i. Písíìnì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀gá Mùsíọ̀ ní báńkì ní tiwọn, òun náà sì ti ní tirẹ̀ báyìí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo kọ́kọ́ bá ilé sọ̀rọ̀. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Pulatóò, láàárín ìlú Àbíjàn, ni. A ti ránṣẹ́ dá ọjọ́, ìyá mi sì ti wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, òun àti Àṣàkẹ́, wọ́n jókòó ti tẹlifóònù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ohùn mi máa kọ́kọ́ lọ sí Paríìsì, láti Paríìsì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kó tó padà wá sí Nàìjíríà. Mo rí i pé ohùn mi ti rìnrìn àjò jù mí lọ.

Ìyá mi bi mí bóyá mò ń jẹun. Mo ní mò ń jẹun. Mo sọ fún un nípa omi náà. Ó ní ṣé wọ́n ń pọn ọ́n mu. Mo ní rárá. Ó ní ṣé wọ́n ń sin ẹja níbẹ̀. Mo ní kò sí ẹja. Ó ní kí wá ni wọ́n ń fi ṣe. Mo ní wọ́n á wọnú rẹ̀, wọ́n á tún jáde. Ó dákẹ́ díẹ̀. Paríìsì àti Lọ́ńdọ̀nù dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti bò ó?"

Mo ní kò ṣeé bò. Ó ní kànga ilé wa kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ páànù ló wà lórí rẹ̀, àgádágodo sì wà lára páànù náà láti ìgbà tí Àṣàkẹ́ ti ń rìn. Ó wá ní kí Àṣàkẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan ń ha tẹlifóònù. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo tún pè é. Mi ò gbọ́ nǹkan kan ju èémí lọ.

"Ó ń mi orí," ìyá mi sọ láti ẹ̀yìn. "Ó ń gbọ́ ẹ. Ó ń mi orí."

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi orí dáhùn. Ṣé ara rẹ̀ le. Ṣé ó ń gbọ́ràn sí Màámi lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá mi á jíṣẹ́ fún mi pé ó ti mi orí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí àsìkò wa fi pé.

Ní Kòkòdí, ọ̀rọ̀ ojú ló gbòde. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òyìnbó Faransé kan tó ti dàgbà ló ń gbé òkè rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á jókòó síta lókè níbẹ̀ pẹ̀lú ife kan, á kọjú sọ́dọ̀ wa. Kò ṣe nǹkan kan ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n Màdáàmù ní òun ò lè wọ aṣọ ìwẹ̀ lójú rẹ̀. Yàtọ̀ sí òyìnbó náà, àlejò tó bá jókòó ní pálọ̀ ń rí omi náà, ẹni tó bá dúró ní géètì ń rí i. Mùsíọ̀ bá lọ ra igi. Ó ra èyí tó ti dàgbà, tí ewé rẹ̀ dí, tó ga ju èèyàn lọ. Ọkọ̀ ẹrù ló kó wọn wá. Wọ́n gbìn wọ́n yí omi náà ká, wọ́n sì jẹ́ kó nípọn jù lọ láàárín omi àti ilé, nítorí àwọn àlejò.

Kò dí òyìnbó lójú, torí òkè ló wà. Mùsíọ̀ ní igi náà ṣì ń dàgbà. Màdáàmù ń wẹ̀ ní wákàtí tí òyìnbó kò bá sí lórí àga. Inú gbogbo wa dùn sí i, èmi náà sì sọ pé ó dára. Láti ilé ìdáná níbi tí mo ti máa ń rí omi tẹ́lẹ̀, ewé nìkan ni mo wá ń rí. Bí mo bá fẹ́ wo omi, mo ní láti jáde, kí n yí igi po.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn máàsì, wọ́n ní àlejò láti báńkì. Ìyá Àgbà wọ léèsì funfun, ó jókòó ní fàrándà. Èmi wà nídìí dòdò tí mò ń dín, èyí tí wọ́n ń pè ní alókò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ fún Màdáàmù, mo gbé e fún un. Màdáàmù gbé e fún obìnrin kan nínú àwọn àlejò, tó ní ọmọ náà wu òun. Obìnrin náà gbé e sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé wáìnì wá, nítorí ilé kún, ojú sì pọ̀. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ọmọ wà lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ohùn òyìnbó la kọ́kọ́ gbọ́. Ó dìde lórí àga rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó ń na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó ń kígbe pé "La petite, la petite," ìyẹn ọmọ kékeré náà. Àwọn àlejò gbójú sókè wò ó. Ẹnìkan ní bóyá ó ti mutí yó.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò wo òkè. Ó dìde, ó fi ara ya àárín igi kọjá, ẹ̀ka kan gba gèlè lórí rẹ̀. Mo sáré tẹ̀lé e, ṣíbí tí mo fi ń dín dòdò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó dé etí omi, ó ti wọ̀ ọ́. Kò fò. Ó gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ títí omi fi dé ọrùn rẹ̀, ó wá nà gbalaja lórí omi pẹ̀lú léèsì rẹ̀, ó sì wẹ̀ lọ sápá ibi tó jìn, níbi tí aṣọ ọmọ náà ti wú bíi bàlúùnù. Etí ọ̀sà ni wọ́n ti bí Ìyá Àgbà, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ó ti sọ fún mi rí. Mi ò rò ó dé ibẹ̀.

Ó ti ọmọ náà sókè sí mi. Mo gbà á. Mo dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, mo ń gbá a lẹ́yìn. Omi jáde lẹ́nu rẹ̀, ó tún jáde. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sunkún. A jẹ́ kó sunkún dáadáa.

Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn àlejò dúró sáàárín igi pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Mùsíọ̀ ti bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó mú wọn dání, kò mọ ibi tí yóò fi wọ́n sí. Màdáàmù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dòdò ti jóná. Ìyá Àgbà gba orí àtẹ̀gùn jáde, ó ní kí n bá òun wá ìró gbígbẹ. Nígbà tó pààrọ̀ aṣọ tán, ó padà sórí àga tó wà tẹ́lẹ̀ ní fàrándà. Ó wo igi náà. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, ó sì rọra sọ ọ́ kí Mùsíọ̀ lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo fẹ́ máa rí omi yẹn láti ibi tí mo jókòó sí yìí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gé igi náà lulẹ̀.

Mo wọ gbákà, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, padà sí Àbóbò lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Ọkọ mi wà lókè lọ́hùn-ún pẹ̀lú obì. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Nílé, ilẹ̀ kì bá tí ṣú kí gbogbo àdúgbò tó gbọ́ ọ, ìdajì wọn ì bá sì ti máa sọ pé àwọn wà níbẹ̀. Onílé wa kọjá, ó wò mí, ó bi mí ní nǹkan kan ní Júlà. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo fi ọwọ́ júwe omi. Mo fi ọwọ́ júwe ọmọ, bó ṣe ga mọ. Mo wá fi ọwọ́ kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó wọlé lọ, ó gbé ẹ̀kọ mímu onímílíìkì jáde, ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ohùn sókè sí mi mọ́.

Mùsíọ̀ fẹ́ kó yanrìn dí omi náà. Ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ó tún un sọ, kò lè jẹun. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ìró omi mọ́ nínú ilé òun. Mò ń kó àwo lọ́wọ́ nígbà tí Màdáàmù fèsì, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

"Mo fẹ́ kí omi wà. Mo fẹ́ kí ọmọ mi wà. Méjèèjì."

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n ṣe ọgbà sí i nígbà náà.

Mùsíọ̀ ló yan ti àkọ́kọ́. Búlọ́ọ̀kù oníhò ló fi ṣe é, irú èyí tó wà lára ilé ńláńlá ní Kòkòdí nígbà náà, tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, tó sì dùn ún wò. Bíríkìlà mọ ọ́n dé àyà èèyàn. Nígbà tó gbẹ, a gbé ọmọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò ó. Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ ihò ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ di ihò tó wà lókè rẹ̀ mú, ó sì gùn ún bí ẹni gun àkàbà. Màdáàmù dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án, kò pariwo. Ọmọ náà dé òkè, ó jókòó, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Màdáàmù gbé e sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n wó ọgbà náà. Èmi ni mo kó búlọ́ọ̀kù tó kù, mo fi yí ata tí mo gbìn ká.

Irin ni wọ́n wá ṣe. Gbogbo irin náà dúró gbọnrangandan, kò sí èyí tó dábùú láàárín tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò gba orí ọmọ. Mùsíọ̀ ki ìkúùkù rẹ̀ bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó gbà pé ó dára. Wọ́n so sípíríǹgì mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bí o bá ti fi í sílẹ̀, á padé fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ìta, apá ọ̀dọ̀ ilé, ló ń ṣí sí, kí ọmọ tó bá fi ara tì í lè tì í pa. Ìkọ́ rẹ̀ wà lókè pátápátá, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí èmi gan-an ní láti nàgà kí n tó tó o. Wọ́n kó gbogbo àga àti ìkòkò òdòdó jìnnà sí i. Láti fàrándà, láti pálọ̀, láti ilé ìdáná, gbogbo wa ń rí omi gba àárín irin.

Òyìnbó ló kù. Ìyá Àgbà ní kò yẹ kí èèyàn pariwo láti gba ọmọ là kí wọ́n má lọ kí i. Òun, Màdáàmù àti èmi la lọ, èmi ni mo gbé adìyẹ tí mo yan. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Òun àti Màdáàmù sọ̀rọ̀ pẹ́ ní Faransé, ojú Màdáàmù sì ń wolẹ̀. Lójú ọ̀nà ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọkùnrin náà ní òun mọ̀ pé nítorí òun ni wọ́n ṣe gbin igi. Láti ìgbà náà ni òun ti ń kẹ́yìn sí wa bí òun bá jókòó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn oòrùn ń wọ òun lójú, ni òun ṣe yí àga padà.

A rìn délé.

Síbẹ̀ Màdáàmù ṣì fẹ́ wẹ̀ láìsí ojú. Ohun tí a wá fẹnu kò sí ni pé a ó gbin nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ òyìnbó, lẹ́bàá ògiri, jìnnà sí irin kí ẹnikẹ́ni má gùn ún, apá ibi tí omi kò jìn nìkan ni yóò sì bò. Apá ibi tó jìn máa ṣí sílẹ̀. Bí òyìnbó bá fẹ́ máa wò ó, kó máa wò ó. Ìyá Àgbà tilẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó má kẹ́yìn sí wa mọ́.

Wọ́n bi mí ní ohun tí a máa ń fi ṣe ọgbà nílé. Mo ní làpálàpá. Màdáàmù ní bí ọmọ bá jẹ hóró rẹ̀, yóò dá a dùbúlẹ̀. Mo rántí pé òótọ́ ni. Mùsíọ̀ dábàá òdòdó pupa kan tó máa ń gun ògiri, Màdáàmù ní ó lẹ́gùn-ún, òdòdó rẹ̀ á sì máa já sínú omi lójoojúmọ́. Èyí tó rẹwà jù lọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igi lójú títì, Màdáàmù ní láti ewé dé gbòǹgbò rẹ̀, májèlé ni. Ìyá Àgbà ló dárúkọ pérégún. Ó ń ga lóòró, kò gba àyè, kò lẹ́gùn-ún, ewé rẹ̀ kì í wọ́ dànù. Mùsíọ̀ ní ìdí òrìṣà ni wọ́n ń gbin ìyẹn sí ní Àjàṣẹ́, pé fáda máa ń wá jẹun nílé àwọn, kí ló máa rò. Ìyá Àgbà ní oúnjẹ ni fáda máa ń wò bó bá wá.

Pérégún la gbìn. Èmi ni mo gé e ní kùkùté kùkùté, mo ń rì í mọ́lẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Lóko bàbá mi, òun ni wọ́n fi ń pààlà. Bí o bá rí i lójú ọ̀nà, o mọ̀ pé ilẹ̀ ẹnìkan parí síbẹ̀, ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Mo gbin tèmi sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tèmi, láàárín àwọn ará Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí sí Àbíjàn àti Faransé kan tí mi ò mọ ìlú rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ni ààlà náà nínú gbogbo wa. Ó hù.

Kó tó dàgbà, ẹní la ta bo ibẹ̀. Nígbà tó ga tán, Ìyá Àgbà ní kí n bọ́ sínú omi. Mo ní kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá tún já sí i, ohun tí mo lè ṣe kò ju kí n pariwo lọ, òyìnbó sì ti ń bá wa ṣe ìyẹn.

Ìró la fi wọ̀ ọ́, àwa méjèèjì. Ó ní kí n di etí táìlì mú, kí n fi ojú bọ omi. Mo fi í bọ̀ ọ́, mo mu ún. Ó dùn bí oògùn ilé ìwòsàn. Ó ní kí n tún un ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, bí àwọn yòókù bá ti lọ síbi iṣẹ́ tí ọmọ sì ń sùn, àwa á wà lẹ́yìn pérégún. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ nìkan ló wà ní gbogbo Àbíjàn tí ẹnikẹ́ni kò ti wò mí, tí n kò jẹ́ Anàngó, tí n kò jẹ́ ìyàwó ẹni tó ń kó obì, tí n kò jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ fún lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Àgbà á fi àtẹ́lẹwọ́ gbé mi lẹ́yìn, á ní kí n dùbúlẹ̀ bí ẹni tó wà lórí ẹní. Ní ọjọ́ kan, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ láìsọ fún mi. Mo ti wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀. Nígbà tó yá, mo wẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Ó ní mò ń ṣe bí ẹni tí oyin ń lé, ṣùgbọ́n ó gbà pé mo dé.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù. Ó ronú sí i. Ó ní ibi tí wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀, kí ló dé tí èmi fi wọ̀ ọ́.

Nígbà tí Àṣàkẹ́ fi máa wá bá wa, ó ti ń pa eyín ọmọdé. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré, mo ti kọ́ bí màá ṣe bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ ní Faransé. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Màámi ni ó ń pe ìyá mi. Èmi, Ìyá Àbíjàn ló ń pè mí, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń gbé òkèèrè. Kò ṣe mí ní àìdáa kankan. Ó ń jẹ ohun tí mo bá gbé fún un, ó ń dúpẹ́. Àpò aṣọ rẹ̀ ló fi ń ṣe ìrọ̀rí, kò sì tú u, bí ẹni tí wọ́n lè ní kó máa lọ nígbàkúùgbà. Ọkọ mi ní kí n fún un láyè. Mo fún un. Mo ti ń fún un láyè láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú.

Nígbà tí ilé ìwé wọn gba ìsinmi, mo mú un lọ sí Kòkòdí. Mọníìkì ti mọ̀wẹ̀ nígbà náà. Òun àti Màdáàmù wà nínú omi, ó ń pe Àṣàkẹ́ ní Faransé, ó ń fi ọwọ́ pè é. Àṣàkẹ́ dúró lẹ́yìn irin, ó di ọ̀pá méjì mú. Mo dúró tì í.

"Màámi ní n kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ omi," ó sọ.

Mo ní òótọ́ ni Màámi sọ.

"Wọ́n ní àfi bí mo bá wà pẹ̀lú èèyàn mi tó mọ̀wẹ̀."

Ó wo Màdáàmù nínú omi. Ó wo Ìyá Àgbà lórí àga rẹ̀ ní fàrándà. Ó wo ìkọ́ ẹnu ọ̀nà náà lókè, ó wá wò mí.

"Ṣé ẹ mọ̀wẹ̀?"

"Mo mọ̀wẹ̀."

Mo nàgà, mo ṣí ìkọ́, mo di ẹnu ọ̀nà mú kó má padé. Ó ti tóbi ju ẹni tí wọ́n ń gbé lọ, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, mo sì gbé e. A gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí omi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi apá rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mí.

"Ẹ má fi mí sílẹ̀," ó sọ sí mi létí.

Mo ní mi ò ní fi í sílẹ̀. A dúró bẹ́ẹ̀. Màdáàmù àti Mọníìkì jáde, wọ́n nu ara wọn, wọ́n wọlé lọ. Ìyá Àgbà pè láti fàrándà pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Mo dá a lóhùn pé a ń bọ̀. A ò jáde.